Aṣọ Kẹ̀kẹ́ Náà Ti Tó fún Òjò Dídì

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀ ní Oulu, ìlú tí mò ń gbé ní àríwá Fínlándì, àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé máa ń tún ọjà wọn tò. Aṣọ òjò á wà lápá kan. Aṣọ tí ọmọdé fi ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà òtútù á wà lápá kejì. Aṣọ síkì, eré tí wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ méjì sá lórí òjò dídì, á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni aṣọ kan tó bo ọmọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tó nípọn bíi tìmùtìmù, tí wọ́n ń tà fún eré inú òjò dídì nìkan. Ìbọ̀wọ́ mẹ́rin, ṣòkòtò mẹ́rin, jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ẹni tó tò ó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí òbí tó bá wọlé gbà pé ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ara kan ṣoṣo nílò awọ mẹ́rin.

Èmi ò ní in lọ́kàn láti ra awọ mẹ́rin. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni mò ń ṣe, n kò sì sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé owó kì í wọlé lọ́jọ́ tí a bá dá fún un. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, ó sì ń ga bí ẹni tí wọ́n ń fà lókè. Aṣọ òtútù kan ṣoṣo ló máa ń ní lọ́dún, èyí tó fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Òun náà ló fi ń ṣeré nínú òjò dídì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn ẹbí nílé, àti àwọn òbí kan tí ọmọ tiwọn àti tèmi jọ ń lọ sílé ìwé, ti bi mí léèrè bóyá ìyẹn tó. Ó tó. Ibi tí kò ti tó wà, mo máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ju ọ̀rọ̀ aṣọ lásán lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pe ohun tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run níbí ní yìnyín. Yìnyín tí èmi mọ̀ láti kékeré ni èyí tó máa ń ró gbàgbàgbà lórí páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí àwa ọmọdé máa ń sáré jáde lọ ṣà jẹ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe ti ibí ní òjò dídì, mo sì rò pé wọ́n gbà á. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, yìnyín ni èyí tó le, tó ń yọ̀ lójú ọ̀nà. Òjò dídì ni èyí tó fúyẹ́, tó ń bọ́ láì pariwo. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ wọṣọ fún ọmọ.

Oulu kò tó 300 kìlómítà sí ibi tí oòrùn kì í ti í yọ rárá láwọn ọjọ́ kan nínú ọdún. Òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń dì débi pé ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gùn níbẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òtútù. Ọ̀nà tí wọ́n là fún kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ju 800 kìlómítà lọ, ó sì máa ń gba abẹ́ títì ọkọ̀ kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ọmọdé má baà pàdé mọ́tò. Ní ọdún 2013, ìlú yìí ló gba àlejò ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Winter Cycling Congress, níbi tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti wá wo bí ó ṣe ń ṣeé ṣe. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe kò ní àràmàǹdà nínú. Bí òjò dídì bá rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ tó ń kó o kúrò lọ́nà á ti jáde kí àwọn ènìyàn tó lọ síbi iṣẹ́, kì í sì í dúró di ìgbà tó bá parí ọ̀nà mọ́tò kó tó yà sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún méje níbí máa ń dá gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ wọn lójúlé ìwé ní oṣù kìíní, òjò dídì á ti bo ìjókòó wọn bí ìyẹ̀fun.

Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ kẹ̀kẹ́ ṣe di aṣọ ilé ìwé, tí aṣọ ilé ìwé sì di aṣọ eré. Ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́ ni wọ́n máa ń lé àwọn ọmọ jáde síta láàárín ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, òtútù ì báà mú. Kò sáyè pípààrọ̀ aṣọ. Ohun tí ọmọ wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá náà ni yóò wọ̀ yí gbirigbiri.

Ẹ wo aṣọ kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Ẹni tó rán an mọ̀ pé ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì ń dá ooru fún ara rẹ̀, àti pé iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń bá a. Nítorí náà, ó fi aṣọ tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá ṣe àyà, apá àti iwájú itan. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, kí òógùn lè ráyè jáde. Ó jẹ́ kí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì gùn ju iwájú lọ, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣí. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ra kí ṣéènì má baà gbé e jẹ. Ó wá fi ọ̀já tó ń dán lójú iná mọ́tò ká apá, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Kò nípọn. Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wa nìyẹn, pé kò nípọn.

Àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí orúkọ tí ṣọ́ọ̀bù sọ aṣọ máa dà láàmú. Nígbà ọ̀yẹ́, bí ènìyàn bá dúró lójú títì ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ní ìdájí, yóò rí ọlọ́kadà tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán fún ẹni tó ń sá síkì lórí òkè ní Yúróòpù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, wọ́n á jẹ́ kí sípù wà lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyà wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n sì fi ibi tó di pa jù lára aṣọ dojú kọ ọ́. Ìrònú ẹni tó ya aṣọ kẹ̀kẹ́ olówó ńlá gan-an nìyẹn, ọlọ́kadà sì ti rò ó sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkìríkà. Ní Katangowa ní Èkó tàbí Kantamanto ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní obroni wawu, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú, kò sí oníbàárà tó ń béèrè ohun tí òyìnbó fi í ṣe kó tó kú. Wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á fà á wò, wọ́n á gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ojú yẹn ni mo fi ń wo aṣọ ọmọ mi.

Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, kí ni eré inú òjò dídì ń ṣe sí aṣọ? Ọmọdé kì í dúró nínú òjò dídì. Ó máa ń kúnlẹ̀, á jókòó, á dùbúlẹ̀ gbalaja, á fi ọwọ́ gbẹ́ ihò, á fi ìdí yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọ́ ni ọ̀tá níbẹ̀. Omi ni ọ̀tá, ibi tó sì ń gbà wọlé ni ìdí, orúnkún, ìbàdí, ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Ibi wọ̀nyí náà ni aṣọ kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ sí jù. Ẹni tó rán an rò pé orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ìdí yóò wà.

Àwọn tí kò gbé níbí rò pé bí òtútù bá ṣe ń le sí i ni aṣọ kẹ̀kẹ́ á ṣe máa kùnà sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ń rí. Lọ́jọ́ tí òtútù bá lọ sí dígírì 15 nísàlẹ̀ òdo, òjò dídì máa ń gbẹ bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Ọmọ á yí nínú rẹ̀, á dìde, á gbọn ara rẹ̀, á sì gbọ̀n dànù tán. Aṣọ kẹ̀kẹ́ á gbẹ kanrin, ọmọ tó ń sáré lórí òkè á sì máa dá ooru tó tó fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òtútù bá dínkù, tó bá sún mọ́ òdo, òjò dídì náà á dà bíi gààrí tí omi ti kàn. Yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ, ooru ara á yọ́ ọ, omi á wọlé. Ọjọ́ tó yẹ kí ara tu ìyá náà ni orúnkún ọmọ á rin gbingbin láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Kò sì parí síbẹ̀. Òjò dídì tó gbẹ kì í ṣeé mọ. Ẹ kó o jọ, á dà sílẹ̀ láàárín ìka yín. Ọjọ́ tó bá rin nìkan ni ọmọdé lè mọ ọ́n bí ẹni mọ ìkòkò, kí wọ́n fi ṣe ènìyàn, kí wọ́n fi kọ́ odi, kí wọ́n fi sọ òkò fún ara wọn. Ọjọ́ tí ara aṣọ kò gbà á jù ni ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń retí.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ohun kan wà tí àwọn ará Fínlándì ń pè ní kurahousut, ìyẹn ṣòkòtò ẹrẹ̀. Ṣòkòtò òjò lásán ni, ó ní okùn tó gba èjìká kọjá, ó ga dé àyà, ó sì ní rọ́bà tí wọ́n ń fi kọ́ abẹ́ bàtà kó má baà fà sókè. Ọmọdé gbogbo ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún nígbà òjò. Lórí aṣọ kẹ̀kẹ́, ó dí gbogbo ojú ihò tí mo kà sílẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí ọrùn ọwọ́. Èyí tí ọmọ mi ní, mo rà á ní kirppis, ọjà àlòkù wọn, níbi tí àwọn ìdílé ti máa ń gba àyè pátákó kan, tí wọ́n á to aṣọ tí ọmọ wọn ti dàgbà jù sí i. Owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì méjì. Ó ní àléébù tirẹ̀. Kì í jẹ́ kí òógùn jáde, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kó tó gun kẹ̀kẹ́ padà sílé. Nínú òtútù líle ó sì máa ń gan bíi páálí. Ṣùgbọ́n nínú òtútù líle, bí mo ti wí, kò nílò rẹ̀.

Ọwọ́ ni ibi kejì. Ìbọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọmọ lè fún bíréèkì. Ìka tó bá dá wà á tètè tutù. Ìbọ̀wọ́ eré kì í ya ìka, àfi àtàǹpàkò nìkan. Àwọn mẹ́rin tó kù á wà nínú yàrá kan, wọ́n á máa fi ooru ara wọn gbé ara wọn ró bí ọmọ ìyá tó sùn sórí ẹní kan. Ìbọ̀wọ́ aláìníka méjì ló máa ń wà nínú báàgì ọmọ mi. Bí ọ̀kan bá rin, á gbé èkejì wọ̀. Bí mo bá ní owó díẹ̀ péré láti ná sórí aṣọ òtútù, orí ìbọ̀wọ́ ni mo máa ná an sí, n kò ní ná an sórí jákẹ́ẹ̀tì. N kò tí ì rí ọmọ tó sunkún wọlé nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ìka ni wọ́n máa ń sunkún lé lórí.

Màámi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, kò gbà. Bí a bá jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò ni ara ọmọ-ọmọ wọn.

"Ṣé aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí lo wọ̀ fún un?"

"Màámi, aṣọ méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí i ni."

"Méjì ò tó. Wá òmíràn kún un. Ṣé o ò rí bí gbogbo ibẹ̀ ṣe funfun ni?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Nílé wa, ìtọ́jú ni fífi aṣọ kún aṣọ. Ọmọ tí wọ́n bá di bí àkàrà inú ewé ni ọmọ tó níyàá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọ aṣọ tó nípọn jù, tó fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì kìlómítà méjì, á ti rin láti inú kó tó dé ibi tí òjò dídì wà. Lẹ́yìn náà á jókòó, òógùn á tutù mọ́ ọn lára. Ara ọmọdé kéré, awọ tó bo ara náà sì pọ̀ ju bí ó ti kéré sí lọ, nítorí náà ooru tètè ń fi í sílẹ̀ ju àgbà lọ. Òógùn yẹn léwu ju òjò dídì lọ.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ òógùn ni òwú, ó sì dùn mí láti sọ ọ́, nítorí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn òwú ni mí. Òwú ló dára jù fún Ìbàdàn. Ó máa ń mu òógùn, á máa fi í fún afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ara á sì tutù. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ní Oulu, kò mọ̀ pé a ti ṣí kúrò nílé. Ó ṣì ń mu òógùn, ó ṣì ń mú ara tutù. Nítorí náà, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a fi irun àgùntàn hun ló ń sún mọ́ ara ọmọ mi, nítorí irun àgùntàn máa ń móoru bó tilẹ̀ rin. Súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á tẹ̀ lé e, aṣọ kẹ̀kẹ́ á wá bò ó. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti bẹ Màámi kí wọ́n má fi síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú ránṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọrùn kò ní àwàdà nínú. Akoto ààbò tí ọmọ dé gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn tàbí okùn ibi ìṣeré. Ìdè tó wà lábẹ́ àgbọ̀n kì í já. Bí akoto bá há sáàárín irin méjì, tí ẹsẹ̀ ọmọ sì yọ̀, ọrùn ló máa gbé e dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù fi ní ìlànà ọ̀tọ̀, EN 1080, fún akoto àwọn ọmọ kéékèèké tí ìdè tiwọn máa ń tú fúnra rẹ̀ bí ìwúwo bá fà á. Akoto kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ kò sí lábẹ́ ìlànà yẹn. Gèlè ọrùn gígùn tí àwọn ìyá wa máa ń hun fún ọmọ-ọmọ wọn náà, mo ń fi ìfẹ́ gbà á, mo sì ń kó o sínú àpótí. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi táyà kẹ̀kẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń yọ̀. Aṣọ róbótó kan tí kò ní etí, tí wọ́n ń ki bọ ọrùn, ló dára. Bí akoto bá sì ti kúrò lórí, fìlà tó nípọn ni kó rọ́pò rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ń dé sábẹ́ akoto kò nípọn tó fún etí.

Ohun kan tún wà tí n kò tí ì rí nínú ìwé ìtọ́ni èyíkéyìí tí ilé ìwé fún wa. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn òbí pé kí wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Bó bá pọ́n, tútù ti ń mú un. Bí àmì funfun bá wá yọ níbẹ̀, kí wọ́n mú un wọlé kíá. Ìmọ̀ràn fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òyìnbó nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tèmi kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ dúdú, ó máa ń ṣá, á dà bí ẹni fi eérú ra á, olùkọ́ tí kò mọ̀ á sì fojú fò ó. Mo ti bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́, ó sì fara balẹ̀ gbọ́. Ọmọ náà gan-an ni mo kọ́ jù. Mo sọ fún un pé bí ìka bá ń dùn ún, kó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Bí ìka tó ń dùn ún bá ṣàdédé dákẹ́, kó wọlé, kó má dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá dé tí n kò jẹ́ kó jókòó sínú ilé, kí gbogbo wàhálà yìí tán? Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí láti ìhà ọ̀dọ̀ wa máa ń bi mí nìyẹn. Mo ti dúró lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé ní àkókò ìṣeré, mo sì ti rí ọmọkùnrin kan, ọmọ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tèmi, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ dára ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Aṣọ eré inú òjò dídì gan-an ni, tuntun, olówó gọbọi, ó mọ́ bí awẹ́ obì. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n kìlọ̀ fún òun nílé kí òun má bà á jẹ́.

N kò bá àwọn òbí rẹ̀ jà nínú ọkàn mi. Mo mọ iye wákàtí tí ènìyàn ń fi tọ́jú ilé onílé kó tó rí owó aṣọ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ bí a ṣe ń ka aṣọ sí. Ọmọ tó bá ti ilé jáde pẹ̀lú aṣọ tó ya ni a ó fi dá ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́, àgàgà nílẹ̀ àjèjì, níbi tí a ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní a ò lè tọ́mọ. Ṣùgbọ́n eré inú òjò dídì kò jọ òde ìyàwó. Aṣọ tí a bá ní kí ọmọ má bà jẹ́ kì í ṣe aṣọ eré, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ mi ti ń sapá. Mo ti lẹ orúnkún ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ ìlẹ̀mọ́ náà kò sì bá ara wọn mu.

Ohun tó rí gbà nínú àkísà yẹn, n kò lè fi owó rà á. Orí òkè kékeré kan tí àwọn ọkọ̀ kó òjò dídì jọ sí lẹ́yìn ilé wa ni ọmọ mi ti kọ́ èdè Fínlándì. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, nítorí tèmi ṣì ń kọsẹ̀ títí dòní, bí mo tilẹ̀ ka ìwé gboyè kejì níbí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mú wá sílé ni "mun vuoro", ìyẹn "ó kàn mí". Ẹ̀kọ́ kíláàsì kò fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn. Lórí ìlà àwọn tó fẹ́ yọ̀ sísàlẹ̀ ló ti gbà á, pẹ̀lú ìgbúnwọ́. Ọmọ tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kì í ní ohun tó máa kàn án. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ gírámà èdè àwọn ènìyàn yìí dáadáa, tí wọn kò sì ní ọ̀rẹ́ kan tó máa kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má sọ fún mi pé awọ dúdú nìkan ló fà á. Òun náà wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Àmọ́ ó tún kan ẹni tó wà lórí òkè náà nígbà tí wọ́n ń pín ẹgbẹ́.

Ibì kan tiẹ̀ wà tí aṣọ kẹ̀kẹ́ ti ju aṣọ eré lọ. Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn kì í lò tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀run ní Oulu. Bí ọmọ bá dé láti ilé ìwé, ilẹ̀ ti ṣú tàbí ó fẹ́ẹ̀ ṣú, inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n sì ti ń ṣeré. Òkìtì òjò dídì lẹ́bàá ọ̀nà ga ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń kó òjò dídì kò lè rí ọmọ tó fara pamọ́ sínú ihò tó gbẹ́. Ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò sínú òkìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òfin ilé wa nìyẹn, kò sì ní àfikún. Ṣùgbọ́n bó bá sáré gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀já tó ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tàn yanran lójú iná ọkọ̀, láti ọ̀nà jíjìn. Aṣọ eré olówó gọbọi yẹn ní ọ̀já kékeré kan lápá òsì.

Jákẹ́ẹ̀tì ti ọdún tó kọjá ti kúrú lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mo fọ̀ ọ́, mo sì gbé e lọ fún aládùúgbò wa kan, ọmọ ilẹ̀ Gáńbíà, tó ní ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rí bó ṣe gùn ju iwájú lọ, ó wá ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ aṣọ kẹ̀kẹ́ nìyí. Ọmọ mi ò ní kẹ̀kẹ́." Ọmọ náà ti wọ̀ ọ́, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó wá ìbọ̀wọ́ aláìníka méjì kún un, kó sì lọ wo kirppis fún ṣòkòtò ẹrẹ̀ kí oṣù kẹta tó dé, nítorí òjò dídì máa ń rin nígbà yẹn.